Bréènbọ́ọ̀sì Ló Ń Yan Jíà

Rìwáyà ni mí ní Ìbàdàn, iná ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe. Ọkọ̀ ọ́tò tí wọ́n bá gbé wá pé jíà rẹ̀ ti bàjẹ́, mi ò kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan jíà. Bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì àti jíà, ni mo máa ń bi léèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo Camry 1998, ẹ́ńjìnì 2.2, tí wọ́n ń pè ní Tiny Light. Solenoid méjì péré, ìyẹn fáàfù tí iná ń ṣí tó ń darí ọ́ìlì jíà, ló ń yan jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí iná bá wà lára ti àkọ́kọ́ nìkan, jíà kìíní nìyẹn. Lára méjèèjì, ìkejì. Lára èkejì nìkan, ìkẹta. Kí iná kúrò lára méjèèjì, ọkọ̀ ti bọ́ sí ìkẹrin. Ẹni tó ronú kan èyí kú làákàyè!

Bréènbọ́ọ̀sì ló ń tan iná ọ̀hún, òun náà ló ń pa á. Ohun méjì ló ń ṣọ́ jù: bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, àti bí dẹ́rẹ́bà ṣe tẹná tó. Ẹni tó ń rọra lọ, jíà rẹ̀ á tètè gòkè. Ẹni tó tẹná mọ́lẹ̀ nítorí òkè Mápó, á bá a sọ jíà kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè lágbára. Láyé àtijọ́, ọ́ìlì àti kébù ló ń dá iṣẹ́ yìí ṣe, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa, àmọ́ ọ́ìlì ò mọ̀ bóyá omi ẹ́ńjìnì ti gbóná.

Bréènbọ́ọ̀sì mọ̀. Bí omi ò bá tíì gbóná tó, kò ní jẹ́ kí jíà kẹrin wọlé. Àwọn mẹkáníìkì wa wáá máa ń yọ thermostat, tó ń dá omi dúró kó lè tètè gbóná, dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, kí la fẹ́ fi ṣe? Lówùúrọ̀ ọyẹ́, omi ò ní tètè gbóná, jíà kẹrin á pẹ́ kó tó dé, ọkọ̀ á máa han gooro lórí ìkẹta, epo á máa jó. Ọlọ́kọ̀ á ní jíà ti kú, á lọ ra tòkunbọ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé thermostat lásán ni?

Bí wáyà solenoid méjèèjì bá sì já, ọkọ̀ ò ní kú sójú títì. Bí ọ̀pá jíà bá wà lórí D, ìkẹrin nìkan ló máa ní, á sì gbéra bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n L á fún un ní ìkíní, 2 á fún un ní ìkẹta. Oníbàárà kan pè mí lójú ọ̀nà Ìwó, mo ní: “Ẹ fà á sí L, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó gbéra dáadáa kí ẹ tó tì í sí 2, lẹ́yìn náà D.” Ó wakọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi kílẹ̀ tó ṣú.