Ta Ni Yóò Lóṣòó?

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń fi í gba ọmọdé níyànjú pé kí ó wo ìṣe àgbà kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí òwe náà kò bá wí: ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, tí kò gun ẹṣin kankan, tí ó sì ti fi owó lélẹ̀ pé ẹṣin báyìí ni yóò ṣíwájú. Nígbà tí gbogbo ẹṣin ṣì dúró lójú kan ni iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Iṣẹ́ ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, nítorí pé iṣẹ́ òǹkàwé ni, kò sì jìnnà sí iṣẹ́ àwa tí à ń pe ara wa ní lámèyítọ́.

Eré ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ní 1859 ni Ọba Dòsùnmú fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó fún pápá eré ẹṣin. Ibẹ̀ náà ni a ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè ní 1960, ní 1972 ni wọ́n sì sọ ọ́ di Gbàgede Tafawa Balewa. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ẹ óò rí ère ẹṣin funfun mẹ́rin lókè. Àwọn ẹṣin tí ń sáré ti lọ; àwọn tí kì í sáré ni ó kù. Ní Dakar àti Ouagadougou, ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó lé ẹṣin tí ń sáré ní ilẹ̀ Faransé, ẹṣin tí wọn kò fi ojú kàn rí.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí dájú kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí àlá. Ìtàn eré ni ó ń kà: ipò tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan wà nínú àwọn eré rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, bí ọ̀nà ti gùn tó, bóyá ilẹ̀ le tàbí òjò ti mú un rọ̀, ẹni tí ó gùn ún, iye ọjọ́ tí ó ti fi sinmi. Nínú irú eré kan, àwọn alákòóso a máa di ẹrù lé ẹṣin tí ó lágbára jù, kí ọwọ́ gbogbo wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òǹkàwé gbọ́dọ̀ ṣírò ẹrù yẹn náà mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tí ó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ náà wá dé, kì í sì í ṣe pé ẹṣin wo ni yóò borí. Ìbéèrè náà ni pé, ǹjẹ́ iye tí wọ́n fẹ́ san lórí ẹṣin yìí tó ewu tí mo fẹ́ wọ̀? Bí wọ́n bá ní àwọn yóò san èrè náírà mẹ́ta lórí náírà kan, ohun tí iye yẹn ń wí ni pé bí a bá sá eré náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹṣin náà yóò borí. Bí òǹkàwé bá wádìí títí, tí ó gbà pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni, kí ó fi owó lé e. Bí ó bá gbà pé ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ni, kí ó di owó rẹ̀ mọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹṣin náà ni ó dára jù lórí pápá. Nítorí náà, ẹṣin lè borí, kí ẹni tí ó fi owó lé e sì ti ṣìṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yà ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára òpè nínú iṣẹ́ náà.

Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí a bí mi sí, kò sí pápá ẹṣin. Kí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ má sì rò pé ìlú àwọn tí a fi orúkọ wọn sọ lọ́tìrì Bàbá Ìjẹ̀bú ni mo ń wí. Ọ̀tọ̀ ni Ìjẹ̀bú tiwa, ní ẹ̀bá Iléṣà. Ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ni púùlù. Ní 1923 ni John Moores àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Littlewoods sílẹ̀ ní Liverpool. Wọ́n pín 4,000 kúpọ́ọ̀nù níwájú pápá Manchester United, 35 péré ni ó padà sí ọwọ́ wọn. Láti inú 35 yẹn ni ohun tí ó wá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti rú jáde. Lórí kúpọ́ọ̀nù tiwa, ìdíje bọ́ọ̀lù 49 ni ó wà, a sì ń wá èyí tí yóò jẹ́ ọ̀mì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ayò ni a fi gba àlejò yìí sílé. Láti 1949 ni kúpọ́ọ̀nù ti ń lo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Australia nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá wà ní ìsinmi; nígbà tí yìnyín sì dí pápá wọn ní 1963, wọ́n kó àwọn àgbà bọ́ọ̀lù kan jọ sínú yàrá láti pinnu bí ìdíje tí ẹnikẹ́ni kò gbá ì bá ti parí.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Ẹni tí ń ka ẹṣin lè lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lè pe Stenhousemuir àti Cowdenbeath bí ẹni ń pe Ìlokò àti Ẹ̀ṣà-Òkè kò mọ ohun kankan nípa wọn ju nọ́ńbà tí ó wà níwájú orúkọ wọn lọ. Nígbà tí ìmọ̀ kò sí, àmì ni ó gba ipò rẹ̀.

Láti inú àìní yìí ni irú ìwé kan ti jẹyọ tí lámèyítọ́ kan kò kà sí, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìran bàbá mi fi ara balẹ̀ kà jù lẹ́yìn ìwé mímọ́. Àwọn ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ni mo ń wí, irú Bob Morton àti Soccer X Research. Bí a bá kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà èdè, a ó rí i pé wọ́n ní ìlànà tiwọn. Tábìlì nọ́ńbà ni ó kún inú wọn. Àwòrán a wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà fara pamọ́ sí. Òfin a wà pé nọ́ńbà tí ó wà ní ibi báyìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn yóò tún ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Báńkà sì wà, èyí tí a gbọ́dọ̀ gbé ara lé.

Ohun tí ó gbàfiyèsí mi jù ni bí irú ìwé yìí ṣe dáàbò bo ara rẹ̀. Bí Sátidé bá kọjá tí nọ́ńbà kò wọlé, òǹkàwé a tún àwòrán náà wò, a sì rí i pé nọ́ńbà tí ó jẹ́ ọ̀mì wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ní ibi bọ́tìnnì tàbí lábẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ní kúkúrú, ìwé kò ṣìṣe. Òun ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ìwé tí kò lè jẹ̀bi láéláé, tí òǹkàwé rẹ̀ kò sì lè jàre láéláé, èmi kò rí irú rẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ wa mìíràn. Ìbéèrè iye ni kò sì tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ká ní ìdíje kan nínú mẹ́rin ni ó ń jẹ́ ọ̀mì. Ẹni tí ó bá mú mẹ́ta láìmọ nǹkan kan nípa wọn yóò rí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 64. Ká tún ní ìlọ́po 40 ni wọ́n ń san fún un: yóò ná náírà 64 kí ó tó gba 40. Ní ti ẹni tí ó fẹ́ mú ìdíje mẹ́jọ nínú 49, ọ̀nà 450,978,066 ni ó wà láti mú wọn. Kò sí bọ́tìnnì àwòrán kan tí ó lè ru ẹrù yẹn.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé Ifá ayé òde òní ni ìwé wọ̀nyí. Mo kọ̀ ọ́. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú babaláwo dÍfá ọrọọrún. Òtítọ́ ni pé àìmọ̀la kan náà ni ó bí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni babaláwo fi ń kọ́ odù 256, ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì ti ń pè é, wọn a dá a dúró bí ó bá ṣì í pè. Ẹni tí ó wá dá Ifá ni yóò sọ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu nínú ẹsẹ tí ó gbọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tí Ifá ń béèrè ni pé kí o rúbọ, kí o sì tún ìwà rẹ ṣe. Ìwé àsọtẹ́lẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni tún nǹkan kan ṣe ju pé kí ó ra ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Bí a bá fẹ́ rí ẹni tí ó sún mọ́ ọ̀ta ẹlẹ́ṣin ní ilẹ̀ wa, òṣómàálò ni kí a wò. Lẹ́yìn ogun Kírìjì, tí ọ̀nà là, tí reluwé sì dé Òṣogbo ní 1907, àwọn Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ lérí, wọ́n sì ń tà á láwìn káàkiri ìlú àti abúlé. Orúkọ wọn ni ìtumọ̀ iṣẹ́ wọn: òun yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí òun yóò fi gba owó òun. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ó sì yẹ kí a gbà pé ìtìjú tí wọ́n fi ń gba owó kì í ṣe ohun tí ó dùn mọ́ ẹni tí ó jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé orí òṣòó, ìwé kan ti wà tí ó ti kà. Ó ti béèrè bí ẹni náà ṣe san gbèsè tó kọjá. Ó ti mọ ìgbà tí kòkó rẹ̀ yóò gbó, ó mọ bí ọ̀nà abúlé náà ti jìn tó, ó mọ ẹrù tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, aya àti ọmọ àti òkú tí ó fẹ́ sin. Gbogbo èyí ni ó kó sínú iye tí ó bù lé aṣọ. Bí ó bá ṣì í kà, ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni yóò ro ó.

Ní 1994, ọdún tí wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì, Djibril Diop Mambéty ti Senegal ṣe fíìmù kúkúrú kan tí ó pè ní Le Franc. Olórin kan tí onílé ti gba ohun èlò orin rẹ̀ nítorí owó ilé ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kí ó má baà sọnù. Tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ. Kò lè yọ ọ́, nítorí náà ó tú ilẹ̀kùn, ó gbé e rù, ó sì rìn la ìlú Dakar kọjá. Mambéty kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ka ilẹ̀kùn yẹn sí ẹrù tí wọ́n ń dì lé ẹṣin, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kan: lórí pápá, alágbára ni a ń di ẹrù lé kí eré lè dọ́gba, nínú tẹ́tẹ́ tálákà, aláìlágbára ni a ń dì í lé.

Mo fẹ́ fi ìwé kan tí mo kà parí ọ̀rọ̀ mi. Bàbá aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa tí ó ta púùlù títí ó fi jáde láyé. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ kó ìwé àjákọ mọ́kànlá wá fún mi. “Ẹ̀gbọ́n,” ni àkọ́bí wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kà á. Bóyá bàbá ti rí nọ́ńbà kan tí a ò mọ̀.” Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ìdíje ọjọ́ náà sì wà lójú rẹ̀. Ayé ti kúrò ní kúpọ́ọ̀nù.

Láti iwájú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀mì mẹ́ta mẹ́ta ni bàbá kọ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Olóòótọ́ ni, ó kọ èyí tí ó bọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ èyí tí ó wọlé. Kò kọ iye tí wọ́n ń san rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí ìwé náà padà, mo rí i pé láti ẹ̀yìn ni ó ti ń kọ àwọn oníbàárà rẹ̀. “Kí ó san ìdajì kí n tó gé aṣọ.” “Kò ní rówó títí kòkó yóò fi tà.” “Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, kí n fún un ní oṣù méjì.” Mo ń wo àmì tí ó fi sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò san án. Òṣómàálò ni bàbá tirẹ̀. Ọkùnrin tí kì í gba ìlérí aládùúgbò rẹ̀ gbọ́ láìwádìí, ó gba ti alásọtẹ́lẹ̀ tí kò mọ̀ rí gbọ́ ní gbogbo Sátidé ayé rẹ̀.

“Ṣé nọ́ńbà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?” ni ọmọkùnrin náà tún bi mí. Mo ní ó wà. Mo fi ẹ̀yìn ìwé hàn án, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè sí i létí, orúkọ dé orúkọ. Ó tó àkókò díẹ̀ kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí lọ́tìrì, kì í ṣe ilé aṣòfin àpapọ̀. Ẹjọ́ yẹn pinnu ẹni tí yóò máa ṣe àkóso tẹ́tẹ́. Èyí tí ó jẹ mí lógún ni ìbéèrè tí mo rí kọ́ nínú ìwé aránṣọ, tí mo sì ti ń bi gbogbo asọtẹ́lẹ̀, olóṣèlú, oníwàásù àti lámèyítọ́ láti ìgbà náà, kí n má yọ ara mi sílẹ̀: bí ohun tí o sọ yìí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò lóṣòó?