Ọ̀mùtí àti Ilé Rẹ̀: Ohun tí Ìtàn Ọbàtálá Mọ̀ tí Tutùọlá Kò Sọ

Àwọn lámèyítọ́ tí wọ́n ti gbé ìwé Amos Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard (1952), yẹ̀ wò kò kéré níye. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ni àwọn kan bá fà. Àwọn mìíràn wo ìrìn-àjò inú rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tí D. O. Fágúnwà ti là sílẹ̀ ní 1938. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó bèèrè ohun tí ó yẹ kí orúkọ ìwé náà kọ́kọ́ mú wá sọ́kàn: ọ̀mùtí ni ọkùnrin yìí, kí ni ọtí ṣe fún òun àti àwọn ará ilé rẹ̀, ọ̀nà wo ni ó sì gbà tún ilé náà ṣe?

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Baba rẹ̀ ni ó fún un ní oko tí igi ọ̀pẹ inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, baba yìí kan náà ni ó sì gba adẹ́mu fún un nígbà tí ó rí i pé ọmọ òun kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ. Ní òwúrọ̀, agbè 150. Ní ìrọ̀lẹ́, 75 mìíràn. Tutùọlá kò bá baba náà wí, kò sì yìn ín. Ó kàn ka iye agbè bí ẹni tí ń ka owó ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá ọ̀mùtí gbé rí yóò dá irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀: ìfẹ́ òbí tí kò fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ, tí ó wá ń fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí yóò ba ọmọ náà jẹ́. Adẹ́mu ti lo ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí baba kú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, òun náà kú. Àwọn méjèèjì ti di ará ọ̀run. Síbẹ̀ adẹ́mu nìkan ni ọmọ tìtorí rẹ̀ dìde lọ sí ìlú àwọn òkú. Kò sí ibi tí ìwé náà ti ṣí ọkàn ọ̀mùtí payá tó ibí yìí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó jáde láti inú àtàǹpàkò ìyàwó rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí a bí i tí ó fi já ẹmu gbà mọ́ baba rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó mu ún gbẹ. Oúnjẹ ilé kò tó o. Ó ń lu ènìyàn, ó ń ba nǹkan jẹ́. Ta ni kò rí i pé baba ń wo ara rẹ̀ nínú dígí? Baba nìkan ni kò rí i. Ó da epo yí ilé ká, ó sì dáná sun ilé náà tọmọtọmọ. Láti inú eérú ni ọmọ náà tún ti yọ, ní ààbọ̀ ara, ó sì di ẹrù tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé kiri.

Ìyàwó yìí, tí ìwé kò dárúkọ, ni ó bá a jìyà dé ìlú àwọn òkú tí ó sì bá a padà. Nígbà tí wọ́n délé, agbè 200 ni ọkọ ránṣẹ́ rà, ó sì bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ mu ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí ó sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní 1963, sọ ìrìn-àjò Lànkẹ́ di àlá. Ọgbọ́n òṣèré ni, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àlá, àlá ni ìyàwó, àlá ni ìnira ojú ọ̀nà, ọ̀mùtí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nígbà tí ó bá lajú.

Gbèsè yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àní ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, kò parí ètò rẹ̀ sórí gbígbé igò sílẹ̀: ìgbésẹ̀ kẹjọ nínú 12 ni kí ọ̀mùtí ka orúkọ àwọn tí ó ti ṣẹ̀, ìkẹsàn-án ni kí ó lọ tún un ṣe fún wọn.

Ìtàn àtijọ́ kan wà nílé tí ó mọ èyí. Ọbàtálá ni Olódùmarè rán láti dá ilẹ̀. Ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, ó sùn lọ. Odùduwà gba iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí ó jí, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Bí ìjà náà ṣe tán ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́. A kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Odùduwà fún un. Iṣẹ́ mìíràn ni ó gbà, iṣẹ́ mímọ ènìyàn. Àwọn kan ń sọ ọ́ pé ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó ti mutí, tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ àfín, abuké àti arọ. Bí a bá so ìtàn méjèèjì pọ̀, a jẹ́ pé ẹni tí a ti là níjà tún ṣubú, ohun tí ẹni tí ó mọ ọ̀mùtí kò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sá fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń jẹ́ títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú rẹ̀.

Ẹmu wá di èèwọ̀, kì í sì í ṣe fún òrìṣà nìkan. Àwọn olùsìn rẹ̀ gba èèwọ̀ náà mọ́ra. Dé Kúbà ni a ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Obatalá pé kí wọ́n yẹra fún ọtí. Baba inú ìwé Tutùọlá gba adẹ́mu sílé. Ilé Ọbàtálá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò rọrùn fún ẹni tí ń jáwọ́ láti dá èèwọ̀ pa mọ́ láàrin àwọn tí ń bu ẹmu níwájú rẹ̀.

Àléébù ìtàn náà ni pé kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn Odùduwà. Ní ọdún Ìtàpá ní Ilé-Ifẹ̀, Ọbàtálá a máa kúrò nílùú lọ sínú igbó, a sì tún padà wọlé, lọ́dọọdún. Ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí wọ́n tún gbà á sílé kò hàn. Òǹkọ̀wé Yorùbá kan ṣì lè kọ eré yẹn: ti ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ó dá ẹsẹ̀ ẹni tí ń bọ̀ mọ̀, tí kò sì tíì mọ̀ bóyá òun yóò ṣí i. Ìyàwó Lànkẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.