Ayò Kò Gbẹ: Èsì fún Ọ̀rẹ́ Tó Wo Ọpọ́n Lẹ́ẹ̀kan

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ tẹ̀lé mi dé ìdí ayò kan lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi wò ó, ó ní eré náà gbẹ bíi panla. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí dáìsì tó lè gbani bíi ti lúdò. Ilé 12, ọmọ 48, kíkà lásán. Ó ní ẹ̀fẹ̀ àwọn òǹwòran nìkan ló tó kọ lámèyítọ́ lé lórí. Kò yà mí lẹ́nu. Bí àwọn onímọ̀ àṣà wa ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á gba ohùn sílẹ̀, wọn kò ní wo ibi tí ọmọ já sí.

Lójú tèmi, ohun tó pè ní gbígbẹ yẹn gan-an lẹwà rẹ̀. Ẹ wo odù, ilé tí a kó ọmọ púpọ̀ jọ sí. Ká ní ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ń kó ọmọ jọ sí ilé rẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, títí ó fi pé 16. Gbogbo ayé ló ń rí i. Òpè rò pé ahun ni. Ìgbà tí àwọn ilé òpè bá wá ṣófo tàbí tó ku ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀ta á kó odù, á pín in. Mọ́kànlá àkọ́kọ́ á yí ọpọ́n po, á fo ilé tó ti gbéra; márùn-ún tó kù á tún wọ ilé òpè. Ilé márùn-ún di méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀ta sì jẹ ẹ́ láti ibi tí ọmọ ìkẹyìn balẹ̀ sí padà sẹ́yìn: ó kéré tán, mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n bí odù bá lọ pé 18, ọmọ ìkẹyìn á padà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀ta fúnra rẹ̀, kò sì ní jẹ nǹkan kan. Ta ló ní ìyẹn kì í ṣe ìtàn?

Ẹ̀rọ pàápàá ti ka irú eré yìí: ní 2002, ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal fi kọ̀ǹpútà yanjú awari, ìbátan ayò. Ipò bíi bílíọ̀nù 889 ni ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni.

Ibí yìí ni mo ti ní láti dẹ ohùn. Bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe nìkan ló ń pani, kí ló ń fa àṣìṣe? Lọ́jọ́ yẹn lẹ́yìn ọjà Ìkòtún, mo rí bàbá kan tí odù rẹ̀ ti pé 16, tí ilé márùn-ún alátakò ti gbẹ. Ẹnìkan kígbe pé, "Bàbá, àbí ẹ ti kọ odù yìí sínú ìwé ìhágún ni?" Gbogbo ìdí ayò bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi ló pariwo jù. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ta ilé kejì, ọmọ kan bọ́ sínú odù. Alátakò rẹ̀ rọra fi òmíràn kún un.

Ẹ̀fẹ̀ tó nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkà ló ń dojú kọ. Nígbà tí bàbá yóò fi kó odù, 18 ni.