Kùmọ̀ Kàkó, Orin Olóhùn-iyọ̀
Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn mọ oògùn bí ẹní mowó. Síbẹ̀, nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, ńṣe ló wá ẹlẹgbẹ́ kiri. Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Olóhùn-iyọ̀ ló wù mí jù: orin ni tirẹ̀, n kò sì rí ibi tó ti jowú kùmọ̀ Kàkó. Àwa òbí ńkọ́? Ọmọ lóhùn, a ní dandan ni kó di dókítà! Wọ́n ní Fágúnwà ń wàásù jù. Òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ ilé Ìrágbèje sú mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń kó ọdẹ wọ̀nyí jọ, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló jẹ́ ká rí.