Iron Maiden Dín Eré Kù

Eré sísá la fi mọ Iron Maiden. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn àwo orin tí ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣe láàárín 1980 sí 1988 yóò jẹ́rìí sí i pé orin wọn ń sáré bí ẹṣin ogun ni, pàká-pàkà, pàká-pàkà, tí Steve Harris ọ̀gá wọn ń fi ìka ọwọ́ lásán ta gìtá béèsì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ látẹ̀yìn. Wàyí o, ẹ wá gbọ́ Senjutsu, èyí tó jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 2021, tó sì jẹ́ àwo orin kẹtàdínlógún wọn. Ìlù ńlá ló kọ́kọ́ dún, gbì, gbì, bí ìgbà tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ ogun sórí odi ìlú. Orin wọlé. Kò kánjú. Ó lé ní ìṣẹ́jú 8 tó fi ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹṣin kò sáré mọ́, ó ń rìn ni.

Ṣé àgbà ló dé ni, àbí ó ti rẹ̀ wọ́n? Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá wọn pàdé rí, ẹ jẹ́ kí n tètè là á. Harris ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1975 ní apá ìlà-oòrùn London. Orin tí wọ́n ń pè ní heavy metal ni wọ́n ń kọ: gìtá oníná tí wọ́n yí sókè débi pé ohùn rẹ̀ há, ìlù líle lábẹ́ rẹ̀, akọrin ń ké lórí. Ariwo lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pè é. Ṣùgbọ́n ti Iron Maiden ní ohùn dídùn nínú. Gìtá méjì, ti Dave Murray àti ti Adrian Smith, a jọ máa gbé orin kan náà, ọ̀kan lókè díẹ̀, èkejì nísàlẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń kọrin nínú kóòsì ṣọ́ọ̀ṣì. Ènìyàn lè máa fi ẹnu sú u lọ sọ́jà. Smith kúrò ní 1990, Janick Gers bọ́ sípò rẹ̀. Nígbà tí Smith padà dé ní 1999, wọn kò lé Gers, gìtá bá di mẹ́ta.

Àwọn kan ní orin èṣù ni. Ní 1982 tí The Number of the Beast jáde, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Amẹ́ríkà dáná sun àwo wọn. Ó yà mí lẹ́nu pé Nicko McBrain, onílù wọn, di àtúnbí ní 1999, kò sì fi ìlù sílẹ̀. Nínú Senjutsu gan-an, Ìwé Dáníẹ́lì orí karùn-ún ni wọ́n ti mú The Writing on the Wall, ìtàn ọba tó ń jẹ àsè tí ọwọ́ kan fi ń kọ̀wé sára ògiri. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ èṣù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígùn ló kù. Orin 8 ló wà nínú The Number of the Beast, gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú 40 lọ. Senjutsu, orin 10, bí ìṣẹ́jú 82, àwo méjì nínú páálí kan. Èmi kì í ṣe ẹni tí orin gígùn ń bà lẹ́rù. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwo jùjú tí ojú kan ń lọ láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò ní sá fún ìṣẹ́jú 10. Àwọn fúnra wọn ti ṣe orin tó lé ní ìṣẹ́jú 13 rí nínú Powerslave ní 1984, Rime of the Ancient Mariner, láti inú ewì Coleridge, kò sì sí ẹni tó wo aago. Ìdí ni pé ìtàn wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń lọ, ó dúró, afẹ́fẹ́ dé, ó tún lọ.

Ẹ wá ṣírò èyí. Orin mẹ́rin ni Harris nìkan kọ nínú Senjutsu: Lost in a Lost World, Death of the Celts, The Parchment àti Hell on Earth. Àwọn mẹ́rin yìí nìkan gba bí ìṣẹ́jú 44. Ó ju ìdajì lọ! Mẹ́ta nínú wọn ló sì tò tẹ̀lé ara wọn ní ìparí, bí ẹni gbé iyán mẹ́ta kalẹ̀ fún àlejò tó ti yó. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà jáde nílé: ohùn jẹ́jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ariwo bẹ́, eré dé láàárín, wọ́n tún rọra padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ The Clansman, tí wọ́n ṣe ní 1998, yóò máa rò pé òun ti gbọ́ Death of the Celts rí kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. The Parchment ní ohùn ìlà-oòrùn kan tó wuni, ṣùgbọ́n wọ́n yí i po, wọ́n yí i po, títí adùn rẹ̀ fi di omi. Harris ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ló sì jókòó ti Kevin Shirley láti ṣètò àwo yìí nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Paris ní 2019. Ta ni yóò sọ fún un pé ó tó?

Ohun kejì tó ń bí mi nínú ni bí ohun èlò ṣe ń tọ akọrin lẹ́yìn. Nínú Stratego, ibi tí ẹnu Bruce Dickinson bá gbà, ohun èlò náà á gbà á, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Onílù tó mọṣẹ́ kì í lu ìlù bo akéwì mọ́lẹ̀. Dùùrù tí Harris fi kún un tún wúwo lórí wọn.

Ó sì dùn mí nítorí Dickinson. Ní ìparí 2014, lẹ́yìn tí wọ́n gba The Book of Souls sílẹ̀ tán, ni àwọn dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ ní ìdí ahọ́n rẹ̀. Ó gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ yá ní 2015. Nítorí náà Senjutsu ni àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ yìí fi ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́yìn àìsàn náà. Ohùn yẹn ti yí padà. Ó ti nípọn, ó ti sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fipá lé e lọ sókè bíi ti 1982, ẹ ó gbọ́ ìnira níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Darkest Hour, tí òun àti Smith jọ kọ nípa Churchill nígbà ogun. Ìró òkun àti ẹyẹ ló ṣíde rẹ̀, Dickinson wá rọra bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí oorun kò kùn rí, kò sì ké títí ó fi tó àsìkò. Kò sí ọmọ ọdún 24 tó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. The Writing on the Wall náà, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni, ó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin kọjá aṣálẹ̀, gìtá Smith sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju bó ti ń ta lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá sọ pé kí Harris gbé kálámù fún wọn. Hell on Earth ni kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà lé ní ìṣẹ́jú 11, Harris nìkan ló kọ ọ́, ọ̀nà kan náà ló gbà. Síbẹ̀ ó yàtọ̀. Bí ìṣẹ́jú méjì ni gìtá fi ń rọra kùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu, nígbà tí eré sì dé, ó dé bí òjò tí ènìyàn ti ń retí. Gìtá mẹ́ta gbé ohùn kan ṣoṣo sókè, ó kún fún ìbànújẹ́, ó sì mú orí ẹni wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi jẹ́jẹ́ lọ. Nínú orin yìí ni rírọra rìn ti ní ìdí: ọkùnrin kan tó ń wo ayé tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ọjà kò kọ̀ wọ́n. Ẹ̀kejì ni àwo náà gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn Drake. Ẹ̀kẹta ní Amẹ́ríkà, ibi tí wọn kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó jáde, Harris jẹ́ ẹni ọdún 65, Dickinson 63, McBrain 69. Ní oṣù kìíní 2023 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu McBrain. Ó padà sídìí ìlù lọ́dún yẹn kan náà, ó sì ń lu Hell on Earth káàkiri ayé títí di oṣù kejìlá 2024, nígbà tó dágbére fún ìrìn àjò orin ní São Paulo.

Ẹni tí kò bá ráyè fún ìṣẹ́jú 82, kí ó fi The Writing on the Wall bẹ̀rẹ̀, kí ó gbọ́ Darkest Hour ní alẹ́ nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, kí ó wá jókòó ti Hell on Earth. The Parchment, kí ó fò ó.