Àdàpè àti Pọ́n-na Nínú Ọ̀rọ̀ Aláìsàn Níwájú Dókítà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ 'ọnà-èdè', ewì, ìtàn-àròsọ àti eré-onítàn ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí. Bẹ́ẹ̀ inú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ni ọnà-èdè ti ṣẹ̀ wá. Èyí hàn gbangba ní iyàrá dókítà, níbi tí aláìsàn ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù. Ọnà-èdè méjì ni ó gba iwájú níbẹ̀: àdàpè àti pọ́n-na. Ohun ẹwà ni àwọn méjèèjì nínú ewì; níwájú dókítà, wọ́n lè di ọ̀ràn ẹ̀mí.

Àdàpè ni kí a fi ọ̀rọ̀ tí ó tuni lára rọ́pò èyí tí ó le létí tàbí tí ó ń tini lójú. Yorùbá kì í ṣàdédé dárúkọ àrùn tí ó ní ẹ̀rù. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná ń jà, 'ilẹ̀ẹ́gbóná' tàbí 'olóde' ni wọ́n ń pè é, kí ìpè má baà mú un wọlé. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti parẹ́ láyé, ṣùgbọ́n àṣà àdàpè kò bá a lọ. Ọkùnrin tí kò lè tọ̀ geerege mọ́ yóò ní, 'Ìsàlẹ̀ ni ó ń dùn mí díẹ̀.' Obìnrin tí ó fọwọ́ kan kókó ní ọmú yóò ní, 'Àyà ni ó ń ṣe mí bákan.' Iṣẹ́ ńlá ni 'díẹ̀' àti 'bákan' ń ṣe níhìn-ín: wọ́n ń bo ìtìjú, wọ́n sì ń bo ẹ̀rù. Dókítà tí ó bá fi 'díẹ̀' ṣe òṣùwọ̀n yóò fún onítọ̀hún ní oògùn ara ríro, yóò sì ní kí ó máa lọ sílé.

Ohun mìíràn tún wà lẹ́yìn àṣà yìí. Ẹni tí ó lọ dá Ifá kì í sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún babaláwo. Owó ni ó ń sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́, babaláwo yóò sì máa ki ẹsẹ Ifá títí ẹni náà yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá tirẹ̀ mu. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ yí padà: ìtàn tí aláìsàn bá sọ ni dókítà fi ń mọ àyẹ̀wò tí yóò ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni òwe ti bá a wí: ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Pọ́n-na ni ọ̀rọ̀ tí ó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. 'Àyà mi ń já' lè jẹ́ ẹ̀rù lásán. Ó sì lè jẹ́ pé ọkàn ń lù kìkìkì ju bí ó ti yẹ lọ. 'Inú' ni oúnjẹ ń lọ, inú ni oyún wà, inú náà ni ìbínú ń gbé. Àyíká ọ̀rọ̀ ni ó ń tú pọ́n-na, ìbéèrè ni ó sì ń mú àyíká náà wá: níbo, láti ìgbà wo, kí ni ó ń mú un le sí i?

Níbi èsì àyẹ̀wò ni ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí dókítà bá ní, 'A kò rí nǹkan kan,' ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé àyẹ̀wò yẹn kò fi àrùn tí òun ń wá hàn. Ohun tí aláìsàn tí ara ṣì ń ni lè gbọ́ ni pé àìsàn òun kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, pé ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀. 'Ẹ̀jẹ̀ ríru' ńkọ́? Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ń ru bí òkun. Ẹni tí ó bá gba àfiwé náà bẹ́ẹ̀ yóò máa retí kí ara sọ fún òun. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n lè dé 140 lórí 90, tí í ṣe ààlà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, kí onítọ̀hún má mọ ohunkóhun lára. Nítorí pé kò gbọ́ ríru kankan, ó lè pa oògùn tì, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé bá a lójijì.

Èyí kò wí pé kí a pa àdàpè rẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni ó bí i. Yorùbá kan náà sì mọ bí a ti ń tọrọ gáfárà kí a tó sọ ohun tí ó le létí: 'Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ojú ara mi ni.' Bí aláìsàn bá ti tọrọ rẹ̀, kí ó dárúkọ ibi tí ó ń dùn ún. Bí dókítà bá sọ èsì, kí ó ní kí aláìsàn tún un sọ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí etí rẹ̀ gbà.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń múra ìdánwò. Kò tó kí ó kọ ọ́ pé, 'àdàpè ni èyí, pọ́n-na ni ìyẹn.' Kí ó sọ iṣẹ́ tí ọnà-èdè náà ṣe níbi tí a ti lò ó, àti ẹni tí ó ṣe é fún. Ohun tí ó gbé ewì níyì lè dá aláìsàn dúró sí ọ̀nà ìwòsàn.