Ojú Ilé àti Inú Ilé: Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́

Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ẹ yà sí ẹ̀bá ọjà ńlá, kí ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé gogoro méjì dúró níwájú rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n mọ òpó mọ́ ara ògiri, wọ́n sì fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn ún. Àwọn kan máa ń béèrè pé: kí ni ilé Mùsùlùmí ń fi aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe? Ìbéèrè gidi ni.

Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ. Àwọn ni àtọmọdọ́mọ àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì. Lọ́hùn-ún, Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn tó ń sọ èdè wa, bí wọ́n ti ń pè wá níhìn-ín. Malê ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tó ti inú "ìmàle" wa jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Malê dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní ìlú Salvador, ní Bahia. Wọn kò borí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ padà wá sí etí òkun wa. Bíríkìlà àti káfíńtà wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ṣáláṣí yìí ní nǹkan bí ọdún 1912, iṣẹ́ tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe aṣọ àyálò. Ọwọ́ àwọn ẹrú wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ní Bahia. Ẹni tó mọ ògiri fún ẹlòmíràn lè mọ irú rẹ̀ fún ara rẹ̀, kó sì kí ìrun nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo bí àyè ilé ṣe yí padà. Nínú agbo-ilé wa àtijọ́, ògiri tó kọjú síta kì í ní fèrèsé púpọ̀. Àgbàlá ni yàrá gbogbo kọjú sí. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣeré, ibẹ̀ ni àgbà ti ń parí ìjà. Bí òpó gbígbẹ́ bá wà, ẹni tó bá wọlé ló ń rí i. Ilé Àgùdà gbé ọnà síta, ó ṣí fèrèsé sí títì, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn Àgùdà sọ òwe yìí di iṣẹ́ bíríkìlà.

Mọ́ṣáláṣí yìí ní ìwà méjèèjì. Ojú rẹ̀ ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ kò ní ère. Ìlà àwọn olùkírun ló pín àyè rẹ̀, gbogbo wọn sì kọjú sí Mẹ́kà. A lè bá oníṣẹ́ náà wí pé iwájú ló ná agbára rẹ̀ sí, tó fi dà bí ẹni pé ilé méjì ni wọ́n so pọ̀. Lójú tiwa, ojú ìsopọ̀ yẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni ayé àwọn tó kọ́ ọ rí: ọwọ́ wọn kọ́ṣẹ́ ní Bahia, ọkàn wọn ń kírun.

Irú ilé báyìí lè parẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní Èkó, wọ́n kọ́ ilé Àgùdà kan tí à ń pè ní Ilojo Bar ní ọdún 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé òfin nìkan kò dá ògiri dúró.

Àtúnṣe tí kò bójú mu náà sì ń pa ilé. Amọ̀ pupa ni ògiri púpọ̀ nínú ilé Àgùdà Àjàṣẹ́, ẹfun sísun ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ. Irú ìrẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú amọ̀ jáde. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ọ̀rinrin yóò há sínú, amọ̀ yóò máa rọ̀, ìrẹ́ náà yóò sì já bọ́. Ojú ilé á máa dán nígbà tí inú ògiri ń jẹrà.

Bí ẹbí yín bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ wá bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ amọ̀ kí ẹ tó ra sìmẹ́ńtì. Kí ọmọ yín kan sì tẹ̀ lé e, kó kọ́ iṣẹ́ náà.